Ẹ̀ṣẹ̀ Àtijọ́ àti Ipò Òṣèlú: Ọ̀ràn Ralph Northam

Ní oṣù kejì ọdún 2019, àwòrán kan jáde láti inú ìwé ìrántí ọdún 1984 ti ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí Ralph Northam, gómìnà Virginia ní Amẹ́ríkà, lọ. Ẹnì kan kun ojú ní dúdú láti fi aláwọ̀ dúdú ṣẹ̀fẹ̀. Ẹnì kejì wọ aṣọ ẹgbẹ́ Ku Klux Klan. Northam tọrọ àforíjì; lọ́jọ́ kejì, ó ní òun kò sí nínú rẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá ní kí èkuru tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo. Wọ́n ní kí ó kọ̀wé fipò sílẹ̀, ó kọ̀. Kí sáà rẹ̀ tó parí ní 2022, ó fọwọ́ sí òfin tí ó fagi lé ìdájọ́ ikú. Ìfipòsílẹ̀ nìkan kọ́ ni ètùtù. Àtúnṣe pẹ̀lú jẹ́ ètùtù, ṣùgbọ́n ìjẹ́wọ́ aláìlábùlà ni ó yẹ kó ṣíwájú.