Inflammasome nínú àìsàn làkúrègbé

Inflammasome jẹ́ àkójọpọ̀ purotéènì tó máa ń para pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì nígbà tí sẹ́ẹ̀lì náà bá rí àmì ewu, ìbáà jẹ́ kòkòrò àrùn tàbí ohun tí ara fúnra rẹ̀ pèsè. Fabio Martinon, Kimberly Burns àti Jürg Tschopp ló fún un ní orúkọ yìí ní ọdún 2002, ní Switzerland. Èyí tí a mọ̀ jù lọ nínú wọn ni NLRP3. Bí ó bá ti jí, ó máa ń mú ẹ́ńsáìmù caspase-1 ṣiṣẹ́. Ẹ́ńsáìmù yìí ló ń gé interleukin-1β kí ó tó lè jáde lọ pe àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ara yóò ti wú, tí yóò gbóná, tí yóò sì máa dunni.

Gáòtù

Ní Kàbà àti àwọn ìlú yòókù ní ilẹ̀ Òkun, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí oríkèé bá ń dùn ni a sábà ń sọ pé ó ní làkúrègbé. Orúkọ náà kó gáòtù, rheumatoid arthritis àti osteoarthritis pọ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò jọra.

Nínú wọn, gáòtù ni ipa inflammasome ti hàn gbangba jù lọ. Ara ni ó ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú uric acid fúnra rẹ̀. Ẹran, ẹ̀dọ̀ àti bíà sì ń fi kún un. Bí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè di kírísítálì tó mú ṣonṣo bí abẹ́rẹ́ nínú oríkèé, pàápàá ní ìdí àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Òru ni ìrora náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, lójijì. Ní ọdún 2006, Martinon, Tschopp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn nínú ìwé ìròyìn Nature pé kírísítálì wọ̀nyí ló ń jí NLRP3.

Mímọ irú làkúrègbé tó ń ṣe ènìyàn ṣe pàtàkì púpọ̀. Ẹni tó bá ń ra ibuprofen tàbí diclofenac lò fún ọ̀pọ̀ ọdún láìṣe àyẹ̀wò lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, kíndìnrín kan náà tó yẹ kó máa kó uric acid dànù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan kò sì tó, nítorí ìwọ̀n uric acid lè wà ní déédéé lásìkò tí ìrora ń lọ lọ́wọ́. Omi tí dókítà bá fà nínú oríkèé, tí a sì wò lábẹ́ maikirosíkóòpù, ló ń fi kírísítálì hàn dájú.

Ìtọ́jú

Colchicine, oògùn àtijọ́ tí a rí lára ewéko, wà lára ohun tó ń dí NLRP3 lọ́wọ́. Canakinumab ń dènà interleukin-1β ní tààrà. Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí i fún gáòtù ní ọdún 2023, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga púpọ̀. Allopurinol kò kan inflammasome rárá: uric acid ni ó ń dín kù, kí kírísítálì má baà rí ààyè dá sílẹ̀.

Nínú rheumatoid arthritis, ẹ̀rí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Anakinra, tó ń dènà interleukin-1, gba àṣẹ fún un ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2001, ṣùgbọ́n àwọn oògùn tó ń dènà TNF sábà máa ń ṣiṣẹ́ jù ú lọ.