Ìtàn Ọjà Àlòkù: Ẹni Tí Ó Ń Lọ àti Ẹni Tí Ó Ń Bọ̀

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Iyì ohun tí ó ti pẹ́ nílé hàn nínú òwe yìí. Nílẹ̀ Yorùbá àtijọ́, ogún ni a sábà máa ń fi gba ohun èlò ilé tí ẹlòmíràn ti lò, tàbí kí ìyá fi ta ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ nígbà tí ó bá ń lọ sí ilé ọkọ. Ẹni tí àpótí tàbí ìkòkò bá bọ́ sí lọ́wọ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀ mọ ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀, ó sì mọ ìdí tí ó fi di tirẹ̀. Ọjà àlòkù ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Àjèjì ni ó ń tà fún àjèjì, ìbéèrè kan sì wà níbẹ̀ tí ogún kì í mú wá: kí ni ó mú kí iye rẹ̀ wálẹ̀ tó báyìí?

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ adùn ọjà náà, kí ó dé Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bàá Yunifásítì Ladoke Akintola ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún 1990 ni a dá ilé ẹ̀kọ́ gíga náà sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí ó bá gba yàrá níláti wá fóòmù, sítóòfù, fáànù, garawa àti tábìlì ìkàwé. Ní àkókò kan náà, àwọn tí wọ́n ti parí ẹ̀kọ́ ń palẹ̀ mọ́ láti lọ ṣe agùnbánirọ̀, ètò tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1973. Ta ni yóò ru fóòmù láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Sókótó?

Adùn ibẹ̀ kì í ṣe ti owó nìkan, nítorí pé ojú àti ọgbọ́n ni a fi ń ra àlòkù. Òǹrajà yóò tan fáànù, yóò tẹ́tí sí ìró rẹ̀. Yóò wo etí fóòmù bóyá ìdun ti fi ibẹ̀ ṣe ilé. Yóò yẹ ìdí sítóòfù wò bóyá ó ń jò. Nígbà náà ni ìdúnàádúrà yóò tó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín in kù, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

"Àbúrò, ṣé o kò rí i bí ó ti ń fẹ́ ni? Fi nǹkan kún un."

Bí ohùn wọn bá ti ṣọ̀kan, ẹ̀gbọ́n a tún fi garawa ṣe èènì. Ẹni tí ó ń lọ ti sọ ẹrù kalẹ̀, ẹni tí ó ń bọ̀ ti rí ibi sùn. Ní ọdún mélòó kan sí i, àbúrò náà yóò di ẹ̀gbọ́n, yóò sì ta fáànù kan náà fún ẹlòmíràn. Inú àwọn méjèèjì dùn, kò sì sí ẹni tí a rẹ́ jẹ.

Ṣùgbọ́n ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ kan náà mọ irú gbàǹjo mìíràn. Láti ayé ìjọba òyìnbó ni àwọn ọmọ ìlú náà, pẹ̀lú àwọn ará Èjìgbò, Ọ̀fà àti ìlú mìíràn, ti ń ṣòwò ní Gánà, títí dé Tamale àti àwọn ọjà ìhà àríwá. Wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia kéde pé àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì péré láti tú ilé tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún tò! Ohun tí ọkọ̀ kò bá gbà, títà ni tàbí kí a fi í sílẹ̀. Nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ń tà lẹ́ẹ̀kan náà, tí òǹrajà sì mọ ọjọ́ tí òǹtajà yóò lọ, ìdúnàádúrà ti parí. Kò kù ju kí òǹrajà dúró. Iye tí òǹtajà kọ̀ ní òwúrọ̀, òun ni yóò fi ẹ̀bẹ̀ gbà ní ìrọ̀lẹ́.

Ayé sì yí padà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ jáde kúrò ní Nàìjíríà kí oṣù náà tó parí. Àwọn tí ó lọ ju mílíọ̀nù kan lọ, ọmọ Gánà sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Títí di òní ni a ń pe báàgì alámì-ìlà tí wọ́n fi kó ẹrù ní "Ghana Must Go". Láàrin ọdún 14, àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti fi ìkánjú tà ní Gánà ti di ẹni tí a ń fi ìkánjú tà fún.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tí ó rà nígbà náà ṣe oore, nítorí pé bí kò bá rà, òǹtajà yóò lọ lọ́wọ́ òfo. Òótọ́ ni. Rírà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Iye tí a san ni ó ń sọ irú ẹni tí òǹrajà jẹ́: ṣé iye tí ọjà náà tó ni ó san ni, tàbí iye tí ìpayà òǹtajà jẹ́ kí ó lè san?

Irú kẹta ni èyí tí a kì í rí òǹtajà rẹ̀ sójú. Ní 1985, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ti 1986, dọ́là kan ti tó nǹkan bíi náírà 4 ní 1987. Ọjà tuntun wá di àwòmọ́jú fún olówó-oṣù, àlòkù ilẹ̀ òkèèrè sì gba ìgboro. Tòkunbọ̀, orúkọ ọmọ tí a bí ní òkè òkun tí a sì gbé wálé, di orúkọ mọ́tò, fìríìjì àti tẹlifísọ̀n. Ọ̀pọ̀ ilé ni Tòkunbọ̀ kọ́kọ́ mú omi tútù wọ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tí wọ́n ti wá, owó ni a ń san láti pa fìríìjì tí ó ti gbó run bí ó ti tọ́. Gáàsì tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti àtijọ́ wà lára ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan ní Montreal ní 1987 láti máa dín kù, nítorí ìpalára tí ó ń ṣe fún òfuurufú. Ìjọba Nàìjíríà pàápàá ti fi fìríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù àlòkù sí ara ọjà tí a kò gbọdọ̀ kó wọlé. Owó ìsìnkú rẹ̀ tí ẹni àkọ́kọ́ kò san wà lára ohun tí ó mú un dínwó.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọjà àlòkù fi ń dínwó nìyí: ẹni tí ó ni ín lò ó tẹ́rùn, tàbí a lé e, tàbí ó ń wá ẹni tí yóò ti ìdọ̀tí rẹ̀ sí lọ́rùn. Olùkọ́ ìtàn ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè rán àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sí àwọn àgbà ilé wọn, kí wọ́n bi wọ́n ní ohun tí wọ́n kó bọ̀ láti Gánà ní 1969, ohun tí wọ́n tà, àti iye tí wọ́n tà á. Ọmọ tí ó bá gbọ́ ìdáhùn náà yóò ṣì máa gbádùn ìdúnàádúrà ní Under G. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti yẹ ìdí sítóòfù wò tán, yóò tún bi òǹtajà léèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ fi ń tà á?"