Ilé Méjì tí Bergman Kọ́: Ìtàn Fíìmù Fanny och Alexander

Fanny och Alexander jẹ́ fíìmù ìtàn ẹbí tí Ingmar Bergman, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, kọ tó sì darí fúnra rẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1982 ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní sinimá. Ẹ̀dà méjì ló ní: èyí tí wọ́n gé fún sinimá jẹ́ ìṣẹ́jú 188, ti tẹlifíṣàn sì jẹ́ ìṣẹ́jú 312, ìyẹn ni pé ó ju wákàtí márùn-ún lọ. Ẹbí Ekdahl ni ìtàn náà dá lé, àwọn ọlọ́rọ̀ tó ní ilé tíátà ní ìlú kan tó jọ Uppsala, Kérésìmesì ọdún 1907 ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ojú Alexander, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá, la fi ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Fanny àbúrò rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣọ́ gbogbo ohun tó ń lọ.

Ilé méjì ló wà nínú fíìmù náà. Nínú ilé kìn-ín-ní, ìtàn ni wọ́n ń sọ jẹun. Nínú ilé kejì, wọ́n ka ìtàn sí irọ́, ẹgba sì ni wọ́n fi ń wò ó. Inú ilé méjèèjì ni Bergman ti ṣe ọmọdé, ibẹ̀ sì ni ìtàn fíìmù yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ àlùfáà

Ìlú Uppsala ni wọ́n ti bí Ingmar Bergman ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1918. Erik bàbá rẹ̀ jẹ́ àlùfáà ìjọ Luther, ó sì di àlùfáà ààfin ọba nígbà tó yá. Karin ìyá rẹ̀ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nínú ìwé tí Bergman kọ nípa ayé ara rẹ̀, Laterna magica, tó jáde ní ọdún 1987, ó ròyìn bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ wí nílé wọn: bí ọmọ bá ṣẹ̀, wọ́n á bi í léèrè títí yóò fi jẹ́wọ́, wọ́n á nà án, lẹ́yìn náà ni yóò tọrọ ìdáríjì. Wọ́n máa ń ti ọmọ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn. Nígbà tó bá tọ̀ sára, wọ́n á fi síkẹ́ẹ̀tì pupa wọ̀ ọ́ kí ojú lè tì í.

Ilé yòókù ni ilé ìyá ìyá rẹ̀, Anna Åkerblom, ní Uppsala. Ilé ńlá ni, ó kún fún àga, àwòrán àti aago tí ń dún. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fún ọmọdé láyè láti jókòó, kó wo ìmọ́lẹ̀ oòrùn bó ṣe ń rìn lórí ògiri, kó sì fọkàn ya àwòrán tó bá wù ú.

Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yìí tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí tó fi darúgbó. Àkọ́kọ́ ni ti Kérésìmesì kan tí wọ́n fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ẹ̀rọ kékeré tí ń ju àwòrán sára ògiri. Ingmar sunkún, lẹ́yìn náà ló kó àwọn ọmọ ogun ìṣeré rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n sì ṣe pàṣípààrọ̀. Èkejì ni pé ó sọ nílé ìwé pé àwọn òbí òun ti ta òun fún àwọn onísákọ́ọ̀sì, òun sì máa tó bá wọn lọ. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé, ìyà rẹ̀ kò sì kéré. Nínú fíìmù, Alexander ní irú àtùpà tí ń ju àwòrán bẹ́ẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, òun náà sì sọ nílé ìwé pé ìyá òun ti ta òun fún sákọ́ọ̀sì. Bíṣọ́ọ̀bù tí ìyá rẹ̀ máa fẹ́ nígbà tó yá ló pè é síwájú ìyá rẹ̀ láti ṣàlàyé ara rẹ̀.

Ìrìn àjò àti àbọ̀

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 1976, Bergman wà ní ilé tíátà ọba ní Stockholm, tí wọ́n ń pè ní Dramaten, ó ń dá àwọn òṣèré lẹ́kọ̀ọ́ lórí eré August Strindberg kan. Àwọn ọlọ́pàá wọlé, wọ́n sì mú un lọ nítorí ọ̀rọ̀ owó orí. Ìtìjú náà wọ̀ ọ́ lára débi pé ó di èrò ilé ìwòsàn. Ní oṣù Kẹta, wọ́n da ẹ̀sùn náà nù, ṣùgbọ́n ó ti bàjẹ́. Ní oṣù Kẹrin, ó kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀, ó sì lọ tẹ̀dó sí Munich ní Jámánì. Níbẹ̀ ló ti darí eré orí ìtàgé, tó sì ṣe fíìmù The Serpent's Egg ní ọdún 1977. Fíìmù Höstsonaten, tí Ingrid Bergman àti Liv Ullmann kó ipa nínú rẹ̀, tẹ̀ lé e ní ọdún 1978. Nọ́wè ni wọ́n ti ya ìyẹn.

Lákòókò ìgbèkùn yìí ló jókòó kọ ìwé eré Fanny och Alexander. Ilé làbọ̀ sinmi oko: ọkùnrin tí ilẹ̀ rẹ̀ dójú tì kọ ìtàn nípa ìlú tí wọ́n bí i sí, nípa ìyá àgbà, nípa tábìlì Kérésìmesì tí oúnjẹ kún. Ó kéde pé fíìmù yìí ni òun yóò fi dágbére fún iṣẹ́ sinimá.

Fíìmù tí ó ń fẹ́ kì í ṣe olówó kékeré. Jörn Donner, òǹkọ̀wé àti onífíìmù ọmọ ilẹ̀ Finland, ló ń darí Ilé Iṣẹ́ Fíìmù ti Swídìn, Svenska Filminstitutet, nígbà náà. Òun ló dúró ti iṣẹ́ náà. Tẹlifíṣàn Swídìn dá owó sí i, Gaumont láti Faransé dá tirẹ̀, ilé iṣẹ́ Jámánì náà sì wọ̀ ọ́. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 40 owó krona ni wọ́n ná, kò sì sí fíìmù Swídìn kankan tó gba tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ìgbà náà. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1981 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya á, ó sì di oṣù Kẹta ọdún 1982 kí wọ́n tó parí. Àwọn òṣèré tó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ lé ní 50, àwọn tí wọ́n kàn ń kọjá tàbí tí wọ́n dúró láàárín èrò sì tó ẹgbẹ̀rún kan ó lé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn

Helena Ekdahl ni ìyá àgbà, opó tó ti ṣe òṣèré rí. Ọmọkùnrin mẹ́ta ló ní. Oscar ló ń bójú tó ilé tíátà. Carl jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tí gbèsè àti ìbànújẹ́ ń jẹ run. Gustav Adolf ní ilé oúnjẹ, ó fẹ́ràn ayé àti obìnrin. Alẹ́ Kérésìmesì wọn gùn, orin wà, ijó wà, ọ̀gá àti ìránṣẹ́ sì jọ jẹun lórí tábìlì kan.

Nígbà tí wọ́n ń gbáradì fún Hamlet, níbi tí Oscar ti ń ṣe ẹ̀mí òkú ọba, ó ṣubú, ó sì kú. Emilie ìyàwó rẹ̀, tó ń wá ohun tí yóò dì mú, fẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Edvard Vergérus. Bíṣọ́ọ̀bù ní kí ó wá láìmú nǹkan kan dání: aṣọ, ohun ọ̀ṣọ́, ìwé, ohun ìṣeré àwọn ọmọ, gbogbo rẹ̀ ni kó fi sílẹ̀. Ilé rẹ̀ funfun, ó tutù, irin wà lójú fèrèsé yàrá àwọn ọmọ. Ìyá rẹ̀, arábìnrin rẹ̀ àti àǹtí rẹ̀ aláìsàn ló ń gbé ibẹ̀. Alexander sọ fún ìránṣẹ́ kan pé òun rí ẹ̀mí ìyàwó àkọ́kọ́ bíṣọ́ọ̀bù àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tó kú sínú odò, pé bíṣọ́ọ̀bù ló tì wọ́n mọ́lé. Ìránṣẹ́ náà lọ rò ó. Wọ́n na Alexander títí ó fi tọrọ àforíjì.

Isak Jacobi, Júù oníṣòwò tó jẹ́ ọ̀rẹ́ àtijọ́ Helena, ló lọ gbà wọ́n. Ó ní àpótí ńlá kan lòun wá rà, ó sì gbé àwọn ọmọ sínú rẹ̀ jáde. Nínú ilé Isak tó kún fún ọmọlangidi, Alexander pàdé Ismael, ẹni tí wọ́n ti mọ́ yàrá nítorí agbára inú rẹ̀. Àwọn méjèèjì fọkàn ro ikú bíṣọ́ọ̀bù. Lóru ọjọ́ náà, àtùpà dànù lára àǹtí aláìsàn, iná gbà á, ó sì sáré mọ́ bíṣọ́ọ̀bù títí bíṣọ́ọ̀bù fi kú. Ẹni tó ń wò ó kò lè sọ bóyá èrò ọmọ náà ló pa á. Bergman mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó ń sọ ni pé agbára wà nínú ìtàn, ó lè gbani là, ó sì lè dẹ́rù bani.

Àwọn tó kọ́ ilé náà

Bergman kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Àwọn mìíràn ló jẹ́ kí ojú rí ilé méjèèjì. Anna Asp ló ṣe ètò ilé àti yàrá, Susanne Lingheim sì ló kó ohun èlò sínú wọn. Yàrá Helena pupa, ó kún fún òdòdó, kápẹ́ẹ̀tì àti aṣọ fèrèsé tó nípọn. Ilé bíṣọ́ọ̀bù ṣófo bí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Marik Vos ló rán aṣọ ìtàn náà. Ó ti bá Bergman ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, kódà wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Oscar nítorí aṣọ inú Jungfrukällan ti ọdún 1960.

Ẹni tó di kámẹ́rà mú ni Sven Nykvist, tí wọ́n bí ní ọdún 1922. Àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ míṣọ́nnárì ní Congo, ọ̀dọ̀ ẹbí ní Swídìn ló sì ti dàgbà nígbà tí wọ́n wà lókè òkun. Ọdún 1953 ni òun àti Bergman kọ́kọ́ pàdé lórí fíìmù Gycklarnas afton. Nígbà tí wọ́n ń múra sílẹ̀ fún Nattvardsgästerna, wọ́n lọ jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n lè wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí padà bí wákàtí ṣe ń kọjá. Irú sùúrù yẹn ló wà nínú Fanny och Alexander: ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là gbóná lára àwọn Ekdahl, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ sì tutù bí yìnyín nílé bíṣọ́ọ̀bù. Sylvia Ingemarsson ló gé fíìmù náà, ó sì tò ó pọ̀.

Ní Uppsala, ilé ọlọ àtijọ́ tó wà létí odò Fyris, tó jẹ́ mùsíọ́mù lónìí, ni wọ́n lò fún ìta ilé bíṣọ́ọ̀bù.

Àwọn tó gbé inú rẹ̀

Bertil Guve ló ṣe Alexander, Pernilla Allwin sì ṣe Fanny. Guve kò fi eré ṣe iṣẹ́ lẹ́yìn náà. Ètò ọrọ̀ ajé ló lọ kọ́. Ewa Fröling ṣe Emilie, ipa tí Bergman ti kọ́kọ́ ní lọ́kàn fún Liv Ullmann, ṣùgbọ́n tí kò bọ́ sí i fún un. Max von Sydow náà ló fẹ́ fún bíṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ìyẹn kò ṣeé ṣe, ó bọ́ sọ́wọ́ Jan Malmsjö, ẹni tí àwọn ará Swídìn mọ̀ sí akọrin àti aláwàdà. Ẹ̀rín dídùn rẹ̀ ló jẹ́ kí bíṣọ́ọ̀bù náà bani lẹ́rù: ìfẹ́ ló ń fẹnu sọ lójoojúmọ́.

Gunn Wållgren tó ṣe Helena ń ṣàìsàn, ó sì kú ní ọdún 1983. Gunnar Björnstrand, tó ti wà nínú fíìmù Bergman fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó ipa kékeré bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti ń sá fún un lọ́pọlọ. Allan Edwall ṣe Oscar, Jarl Kulle ṣe Gustav Adolf, Börje Ahlstedt ṣe Carl, Erland Josephson ṣe Isak, Harriet Andersson sì ṣe ìránṣẹ́ tó rojọ́ Alexander. Obìnrin, Stina Ekblad, ló ṣe Ismael. Ọkùnrin, Hans Henrik Lerfeldt, ló ṣe àǹtí aláìsàn náà. Ẹbí Bergman fúnra rẹ̀ kò gbẹ́yìn: Mats ọmọ rẹ̀ ṣe Aron inú ilé Isak, Anna ọmọ rẹ̀ obìnrin wà níbẹ̀, Käbi Laretei, ìyàwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó ń tẹ dùùrù, sì kó ipa pẹ̀lú.

Ẹ̀bùn àti ohun tó tẹ̀ lé e

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1984, fíìmù náà gba ẹ̀bùn Oscar mẹ́rin ní Los Angeles: ti fíìmù tó dára jù lọ ní èdè òkèèrè, ti Nykvist fún kámẹ́rà, ti Anna Asp àti Susanne Lingheim fún ètò ilé, àti ti Marik Vos fún aṣọ. Kò sí fíìmù tí kì í ṣe ti èdè Gẹ̀ẹ́sì tó gba mẹ́rin rí ṣáájú rẹ̀. Bergman kò lọ. Ingrid ìyàwó rẹ̀ àti Donner ló dúró fún un. Mẹ́ta nínú ẹ̀bùn mẹ́rin yẹn ló bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó tan iná sí ilé méjèèjì, tí wọ́n to àga sí i, tí wọ́n rán aṣọ fún àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ó tọ́ sí wọn.

Bergman kò fi ìtàn ẹbí sílẹ̀. Ó kọ ìwé eré Den goda viljan, nípa bí àwọn òbí rẹ̀ ṣe pàdé. Bille August ló darí rẹ̀, ó sì gba Palme d'Or ní Cannes ní ọdún 1992. Pernilla August, ọmọ-ọ̀dọ̀ Maj inú Fanny och Alexander, gba ẹ̀bùn òṣèré obìnrin tó dára jù níbẹ̀. Daniel, ọmọ Bergman, darí Söndagsbarn, tí bàbá rẹ̀ kọ nípa bàbá tirẹ̀. Bergman fúnra rẹ̀ padà sídìí kámẹ́rà fún Saraband ní ọdún 2003, ó sì kú sí erékùṣù Fårö ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2007.

Ní ìparí fíìmù, àwọn Ekdahl tún pé sí tábìlì, ọmọ tuntun méjì wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí Alexander ṣe ń rìn lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀mí bíṣọ́ọ̀bù ti gbá a ṣubú, ó ní kò lè bọ́ lọ́wọ́ òun láé. Ọmọ náà dìde, ó lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, ó gbé orí lé itan rẹ̀. Ìyá àgbà ṣí ìwé eré Strindberg tí wọ́n fẹ́ ṣe lórí ìtàgé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè fún un.