Nígbà Tí Ìpàdé Di Ẹ̀ṣẹ̀ ní Ọ̀wọ̀



Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, àwọn ọmọ Nàìjíríà dìbò yan ààrẹ. Olóyè M. K. O. Abíọ́lá ni ó ń borí, ṣùgbọ́n ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida wọ́gi lé ìbò náà. Ní oṣù Kọkànlá, Ọ̀gágun Sani Abacha gba ìjọba, ó tú gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú ká, ó sì ka ìpàdé òṣèlú léèwọ̀.

Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin kọ̀ láti tẹ̀ lé òfin yìí. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ọdún 1908 ni a bí i. Ó ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní Imade College, ó sì ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti ọdún 1979 títí di òpin ọdún 1983. Òun ni olórí NADECO, ẹgbẹ́ tí ó sọ fún Abacha ní oṣù Karùn-ún ọdún 1994 pé kí ó gbé ìjọba sílẹ̀ kí oṣù náà tó parí. Bàbá kò kó ohun ìjà jọ. Ó pe ìpàdé, ó fọwọ́ sí ìwé, ó sì sọ̀rọ̀ ní gbangba. Ní oṣù Keje, àwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì náà daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ní ọdún 1995, àwọn ọlọ́pàá wọ ilé Ajásin ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì kó bàbá tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún pẹ̀lú ọ̀pọ̀ àwọn tí ó wà ní ìpàdé.

Ẹnìkan lè béèrè pé: ṣé a kò kọ́ awo láti pa òfin mọ́ ni? A ń pa èèwọ̀ mọ́ nítorí pé ó de ọba bí ó ti de mẹ̀kúnnù. Òfin tí ó de ará ìlú, tí kò de ẹni tí ó ṣe é, kò ní irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí owó-orí, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú, fi orin àti ìjókòó ní ẹnu ààfin jà, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi gbé adé sílẹ̀ ní ọdún 1949. Wọn kò yọ idà. Ìwà pẹ̀lẹ́ kì í ṣe ojo.

Ajásin papòdà ní oṣù Kẹwàá ọdún 1997, nígbà tí Abíọ́lá ṣì wà ní àtìmọ́lé. Ìjọba alágbádá kò padà títí di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1999. Bàbá kò fojú rí i. Bẹ́ẹ̀ ni ẹbọ ìlú rí: ẹni tí ó rú u lè má wà níbẹ̀ nígbà tí ó bá dà. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé òfin tuntun síwájú wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè bóyá ó de ẹni tí ó ṣe é. Bí kò bá dè é, kí a kọ̀ ọ́ ní ọ̀sán gangan, láìgbé ọwọ́ sókè sí ẹnikẹ́ni.

Kí Ọ̀rúnmìlà fún wa ní ìgboyà pẹ̀lú sùúrù. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.