Gbèdéke Èròjà Onítànṣán Nínú Omi Mímu

Gbèdéke èròjà onítànṣán nínú omi mímu ni iye tí òfin tàbí àjọ ìlera là sílẹ̀ pé irú èròjà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá nínú omi tí aráàlú ń mu. Lára irú èròjà bẹ́ẹ̀, radium àti uranium ń ti inú àpáta wọ omi abẹ́ ilẹ̀. Tritium máa ń bá omi tí ilé iṣẹ́ amúnáwá átọ́míìkì ń tú dànù jáde.

Ìṣirò

Àjọ Ìlera Àgbáyé fi 0.1 millisievert (òṣùwọ̀n ìtànṣán tó wọ ara) lọ́dún ṣe ìpìlẹ̀: ìtànṣán tó ń ti inú omi mímu wọ ara ẹnì kan kò yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbà pé àgbàlagbà ń mu lítà 2 lójúmọ́, ìyẹn lítà 730 lọ́dún. Wọ́n á wá wo bí becquerel kan (òṣùwọ̀n bí èròjà ṣe ń tú ìtànṣán jáde tó) èròjà náà ṣe lè pa ara lára tó. Agbára tritium kéré, nítorí náà ìṣirò gbé e dé nǹkan bí becquerel 7,600 nínú lítà kan. Kánádà sọ ọ́ di 7,000; Àjọ Ìlera Àgbáyé sún un sókè sí 10,000. Radium-226 burú ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì: becquerel 1 péré ni wọ́n gbà.

Ìtàn

Òfin omi mímu tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1974 ló bí gbèdéke ọdún 1976: picocurie 5 (òṣùwọ̀n tí Amẹ́ríkà ń lò dípò becquerel) nínú lítà kan fún radium-226 àti radium-228 lápapọ̀. Ní 1991, EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, dábàá 20 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n nígbà tí òfin tuntun jáde ní December 2000, 5 náà ni wọ́n dúró lé. Òfin yìí ló kọ́kọ́ fi gbèdéke sí uranium, èyí tí oró rẹ̀ ń ba kíndìnrín jẹ́. Máíkírógíráàmù 20 nínú lítà kan ni wọ́n dábàá tẹ́lẹ̀. Ìnáwó ló mú kí wọ́n fi í sí 30.

Ní March 2011, lẹ́yìn ìjàǹbá ilé iṣẹ́ amúnáwá átọ́míìkì Fukushima ní Japan, wọ́n bá iodine-131, èròjà onítànṣán mìíràn, tó tó becquerel 210 nínú kílò omi kan ní ilé iṣẹ́ omi kan ní Tokyo. Gbèdéke àgbàlagbà jẹ́ 300, ti ọmọ ọwọ́ jẹ́ 100. Ìjọba ìlú ní kí àwọn òbí má fi omi ẹ̀rọ náà po wàrà ọmọ. Àgbà lè mu ún.

Àríyànjiyàn

Lórí tritium, ẹnu kò tíì kò. Amẹ́ríkà gba nǹkan bí becquerel 740, Yúróòpù 100. Kí omi kọjá ti Yúróòpù kò túmọ̀ sí pé omi náà ti di májèlé. Àmì ni pé kí wọ́n wádìí bóyá èròjà mìíràn wà níbẹ̀. Ní 2009, ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn kan ní Ontario dábàá 20. Ó jọ pé ìyàtọ̀ yìí ti inú ìlànà tí ìjọba kọ̀ọ̀kan yàn wá ju inú ìmọ̀ ìṣègùn lọ.

Síse omi kì í yọ radium tàbí uranium kúrò. Àyẹ̀wò nìkan ló lè fi wọ́n hàn, nítorí wọn kò ní àwọ̀, wọn kò ní òórùn.