Ìtàn Flash Nínú RealPlayer àti QuickTime, 1997 sí 2007

Kò sí ẹni tí ó ti jókòó gbọ́ àlọ́ rí tí kò mọ̀ pé apàlọ́ kì í dá àlọ́ pa. Bí ó bá dé ibi orin, a dá orin náà, a sì dúró kí àwọn ọmọ bá a gbe ègbè. Bí wọn kò bá gbè é, àlọ́ kò lè lọ síwájú. Ṣùgbọ́n orin inú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí a gbè é, bí a kò gbè é, yóò máa yí lọ títí yóò fi parí ni. Irú ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ó wà láàrin fíìmù lásán àti àwòrán tí ń dá òǹwòran lóhùn. Láti ọdún 1997 sí 2007, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà gbìyànjú láti mú kí àwọn méjèèjì gbé inú ilé kan náà. Bí wọ́n ti ṣe é, àti bí ilé náà ti tú, ni mo fẹ́ rò níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ àlejò kí á tó mọ onílé. Ní ọdún 1996, Jonathan Gay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ FutureWave Software gbé ètò kan jáde tí a fi ń ya àwòrán tí ń rìn. FutureSplash Animator ni wọ́n pè é. Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, ilé-iṣẹ́ Macromedia rà á, wọ́n sì sọ ọ́ ní Flash. Ohun tí ó mú kí ó gbayì ni pé òwò íntánẹ́ẹ̀tì ayé ìgbà náà, orí wáyà tẹlifóònù ni, ìrìn wáyà náà kò sì yá. Fídíò wúwo fún un bí ẹrù tí ó ju orí lọ. Flash kì í sábà ru àwòrán ránṣẹ́. Àṣẹ ni ó ń rán: fa ìlà láti ibí dé ọ̀hún, tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ níhìn-ín, fi àwọ̀ pupa kún inú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ẹni tí ń wò ó ni yóò ya àwòrán náà fúnra rẹ̀. Nítorí náà fáìlì rẹ̀ kéré, ó sì tètè dé.

Onílé àkọ́kọ́ tí ó gbà á sílé ni RealPlayer, ètò tí ilé-iṣẹ́ RealNetworks ṣe. Láti ọdún 1995 ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti ń mú kí a máa gbọ́ ohùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo fáìlì náà tó dé tán. Ní ọdún 1997, wọ́n bá Macromedia ṣe àdéhùn, RealFlash sì jáde. Ohùn yóò gba ọ̀nà tirẹ̀ wá, àwòrán yóò gba ọ̀nà tirẹ̀ wá, wọn yóò sì pàdé nínú kọ̀ǹpútà ẹni tí ń wò. Ohùn ni ó jẹ́ aṣáájú, àwòrán sì ń tẹ̀lé e bí oníjó ti ń tẹ̀lé ìyá ìlù. Ọgbọ́n ni èyí, nítorí etí a máa tètè mọ̀ bí orin bá já, ṣùgbọ́n ojú a máa fi orí jin àwòrán tí ó bá fo díẹ̀. A sì lè so àṣẹ mọ́ bọ́tìnnì inú àwòrán, kí òǹwòran tẹ̀ ẹ́, kí eré náà sì fò lọ sí ibòmíràn.

Onílé kejì ni QuickTime, tí ilé-iṣẹ́ Apple ti gbé jáde láti ọdún 1991. Lójú àwọn tí ó ṣe é, fíìmù kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ó dà bí aṣọ òkè tí a so ọ̀já púpọ̀ pọ̀: ọ̀já kan fún àwòrán, ọ̀kan fún ohùn, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ kíkọ. Ní ọdún 1999, ẹ̀dà 4 fi ọ̀já Flash kún un. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ń ṣe ẹ̀kọ́ sínú fídíò lè fi bọ́tìnnì lé orí rẹ̀, kí ó bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè, kí ó sì dúró de èsì.

Níbi ìdúró yìí ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Fídíò ní aago tirẹ̀ tí kò mọ ìdúró. Flash náà ní aago tirẹ̀, ó sì mọ ìdúró. Bí àwọn méjèèjì bá wà nínú fíìmù kan, aago ta ni kí á tẹ̀lé? Bí Flash bá ní kí á dúró, ṣé kí fídíò náà dúró, tàbí kí ó máa lọ kí ó fi í sílẹ̀? Ẹni tí ó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní láti dáhùn ìbéèrè náà kí ó tó fa ìlà kan ṣoṣo.

Ìṣòro kejì ni pé àlejò ń dàgbà, yàrá tí onílé fún un kò sì fẹ̀ sí i. Ní ọdún 2001, QuickTime 5 gba Flash 4. Ní ọdún 2002, QuickTime 6 gba Flash 5, kò sì gba èyí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Ṣùgbọ́n Flash 6 ti jáde ní ọdún 2002 kan náà, Flash 7 sì tẹ̀lé e ní 2003. Iṣẹ́ tí a bá fi irinṣẹ́ tuntun ṣe kò lè wọ ilé àtijọ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, onílé ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọlọ́ṣà orí kọ̀ǹpútà lè fi fáìlì búburú gba ọ̀nà Flash wọlé, nítorí náà QuickTime 7.3.1 pa ọ̀já náà rẹ́, àfi fún ìwọ̀nba fíìmù díẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Kò yẹ kí á bá onílé wí. Ẹni tí olè ń gba ojú fèrèsé rẹ̀ wọlé ní láti dí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni tí kò jalè ni ó há sí inú yàrá náà. Lẹ́yìn èyí, Adobe, tí ó ti ra Macromedia ní ọdún 2005, kéde ní 2017 pé Flash fúnra rẹ̀ ń lọ sí òpin. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìtọ́jú rẹ̀ dópin. Láti ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2021, ètò náà kọ̀ láti ṣí ohunkóhun mọ́.

Báwo ni a ti ṣe rí díẹ̀ gbà là? Àwọn kan sọ Flash wọn di fídíò. Àwòrán yè, ṣùgbọ́n ìdáhùn kú. Àlọ́ ti di àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Àwọn tí ó rí tiwọn gbà ní odindi ni àwọn tí ó tọ́jú fáìlì Flash náà lọ́tọ̀, tí kì í ṣe inú fíìmù nìkan ni ó wà. Nítorí pé a ti kọ bí fáìlì Flash ti rí sílẹ̀, tí Adobe sì ti mú ìdè kúrò lórí ìlò àkọsílẹ̀ náà ní ọdún 2008, ó ṣeé ṣe fún àwọn ẹlòmíràn láti ṣe ètò tuntun tí ń ka àṣẹ àtijọ́. Ruffle ni orúkọ ọ̀kan nínú wọn, òun sì ni Internet Archive bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020 láti fi àwọn eré náà han ayé.

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò bá ṣoni lẹ́sẹ̀, a fúnni nítan. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni í mu. Àwa tí ń gba àlọ́ àti oríkì sínú ẹ̀rọ lónìí kò lè ṣàì gbé inú ilé onílé. Ṣùgbọ́n kí á ní ẹ̀dà ohùn náà lọ́wọ́ ara wa, kí á sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní kedere ibi tí apàlọ́ ti dúró, àti ohun tí ó ń dúró dè. Bí ilé bá wó lọ́la, ẹni tí yóò tún un kọ́ yóò rí ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀.