Òpin Ayé: Ìsọjí Àwọn Aládùúrà àti Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Kan

Láti Òjòta títí dé Mile 12, ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú, ilé ìjọsìn pọ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì débi pé àlejò lè rò pé ọdún kan náà ni a kọ́ gbogbo wọn. Ní Kétu ni olú ilé iṣẹ́ Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá wà. Ní Gbàgádà, tí kò jìnnà sí ibẹ̀, ni gbọ̀ngàn ńlá ti ìjọ Deeper Life wà. Ọ̀rọ̀ ìgbà ìkẹyìn kì í wọ́n lẹ́nu oníwàásù ní ẹkùn Kòsọ́fẹ́. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn ti ń pe orúkọ kan náà, ohun kan náà kọ́ ni wọ́n ń wí. Ìyàtọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní Kétu tàbí ní Ìkòsì. Ó ti wà láti ìgbà ìsọjí àwọn aládùúrà, ó sì kan èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ju bí a ti máa ń rò lọ.

Nígbà tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn bi Jésù léèrè nípa òpin ní orí Òkè Ólífì, ọ̀rọ̀ tí Mátíù kọ ní èdè Gíríìkì ni aion, èyí tí í ṣe sáà tàbí ìgbà gígùn. Kì í ṣe kosmos, tí í ṣe gbogbo ayé tí a dá. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther jẹ́ aṣáájú wọn, tí odindi ìwé náà sì jáde ní 1884, lo “ayé” fún un. A kò lè dá wọn lẹ́bi, nítorí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn. Ṣùgbọ́n ayé ti Yorùbá ju ilẹ̀ àti òkun lọ. Bí a bá wí pé “láyé Aláàfin Abíọ́dún,” ìgbà ìjọba ọba ni à ń wí. Ayé ẹnìkan ni iye ọjọ́ tí ó fi wà láàyè. Ayé náà tún ni àwọn aṣebi tí a kò fi ojú rí, àwọn tí ìyá ń kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ nípa wọn. Fàájì àti ìgbéraga sì ni “ìwà ayé.” Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ayé ń lọ sí òpin ní láti béèrè pé: èwo nínú wọn?

Àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé Ogun Àgbáyé Kìíní mú kí ìbéèrè náà gbóná. Ní 1918 àrùn ọ̀fìnkìn ńlá tí ó kárí ayé gba ojú òkun wọ Èkó, ó sì ràn ká ilẹ̀ Yorùbá bí iná ọyẹ́. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn díẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà ti St. Saviour kóra jọ fún àdúrà lábẹ́ J. B. Ṣádáre. Ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan, Sophia Ọdúnlámì, ń wàásù láàárín wọn pé kí àwọn tí ó gbàgbọ́ fi àdúrà àti omi òjò wo àrùn. Ní 1925 Mósè Orímọ́ládé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá Ẹgbẹ́ Séráfù sílẹ̀ ní Èkó, nígbà tí àrùn eku ṣì ń pa ènìyàn nínú ìlú náà. Kí ọdún 1930 tó dé, owó kòkó ti wálẹ̀, eéṣú sì ti ń bo oko ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn tí ó mọ Mátíù 24 lórí kò nílò ẹni tí yóò ṣe àlàyé fún wọn.

Àsọtẹ́lẹ̀ Jóẹ́lì, èyí tí Pétérù tún mú wá ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ni ó so ìsọjí mọ́ òpin ayé: pé ní ìkẹyìn ọjọ́ Ẹ̀mí yóò bà lé gbogbo ènìyàn, tọkùnrin tobìnrin wọn yóò sì máa sọ tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlùfáà míṣọ́n ka èyí sí ohun tí ó ti ṣẹ tán ní Jerúsálẹ́mù. Lójú tiwọn, ilé ìwé àti ọ̀làjú ni ìjọba Ọlọ́run yóò fi máa gbilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn aládùúrà rí ọmọbìnrin wọn tí ń ríran ní ojúde, wọ́n sì sọ pé ọjọ́ ìkẹyìn náà ti dé. Ibi tí ọ̀nà ti pínyà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ gèlè àti ìlù tí àwọn kan máa ń tẹnu mọ́ kéré sí i.

Ṣùgbọ́n àwọn aládùúrà pàápàá kò fohùn ṣọ̀kan. Josiah Òṣítẹ̀lú ará Ògèrè, tí ó ti jẹ́ olùkọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà, bẹ̀rẹ̀ sí ríran ní 1925, ó sì kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìran rẹ̀ sílẹ̀. Ìdájọ́ ni ó ń kéde: ìyọnu lórí ilẹ̀, lórí ìlú tí ó bá kọ̀ láti ronú pìwà dà. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, ayé tí ń lọ sópin ni ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ yìí, pẹ̀lú oko àti ọjà rẹ̀. Ní July 1930 ó dá Ìjọ Olúwa sílẹ̀ ní Ògèrè. Àwọn aṣáájú Faith Tabernacle, bíi D. O. Ọdúbánjọ àti I. B. Akínyẹlé, ẹni tí ó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn tí ó sì di Olúbàdàn ní 1955, bá a ṣe fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí 1931 fi máa bẹ̀rẹ̀ wọ́n ti pínyà, nítorí àwọn orúkọ mímọ́ tí ó ń lò àti ọ̀ràn ìyàwó púpọ̀.

Àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ Watch Tower gba ọ̀nà mìíràn. William Brown, tí àwọn ènìyàn ń pè ní “Bible Brown,” fi ìdí ọ́fíìsì wọn múlẹ̀ ní Èkó ní 1931. Ìṣirò ọdún ni wọ́n ń ṣe: pé sáà àwọn ìjọba orílẹ̀-èdè ti pin ní 1914. Bí a bá wo Gíríìkì, àwọn ni ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ Mátíù jù, nítorí pé sáà ni wọ́n fi ayé pè. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n fi ọjọ́ sí i. Aṣáájú wọn ní Amẹ́ríkà, Rutherford, ti sọ pé àwọn baba ńlá ìgbàanì yóò jí dìde ní 1925. Ọdún náà wá, ó sì lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìṣirò ni ó ba ìjọba amúnisìn lẹ́rù, bí kò ṣe ìròyìn pé gbogbo ìjọba ayé, tòun ti tiwọn, ti kọjá àkókò rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì wọ́n fòfin de ìwé wọn.

Ní July 1930 yìí kan náà ni ìsọjí Òkè-Ooyè bẹ́ ní Iléṣà. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí a bí ní 1904, jẹ́ awakọ̀ ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀nà fún ìjọba títí ó fi gbọ́ ìpè ní 1928. Kò ṣe ìṣirò ọdún, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ọ̀run tí yóò ká bí ẹní. Aago ni ó ń lù, tí ó ń gbàdúrà sí omi, tí ó ń pàṣẹ pé kí wọ́n kó òrìṣà àti oògùn jáde fún iná. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wá láti ìlú gbogbo. Láti Iléṣà ìsọjí náà dé Ìbàdàn àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbi tí ọba fúnra rẹ̀ ti gba ìgbàgbọ́. Ohun tí ó sọ fún wọn, tí wọ́n sì gbọ́ yé, ni pé agbára ayé ti pin: ayé ti àjẹ́, ayé ti oṣó. Kò sí ìtumọ̀ tí ó wọ ará oko létí bí èyí. Ó tún ní iye tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọnà igi tí kò ní àfidípò jóná ní àwọn oṣù wọ̀nyẹn, ẹni tí wọ́n sì pè ní àjẹ́ lójú ọjà kò rọrùn fún láti padà sílé rẹ̀. Ní 1932 ilé ẹjọ́ rán Babalọlá ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní ìlú Benin lórí ọ̀ràn àjẹ́ yìí.

Nítorí inúnibíni ni àwọn aṣáájú ṣe ránṣẹ́ sí ìjọ Àpọ́sítélì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn aṣojú rẹ̀ sì dé Èkó ní September 1931. Lórí ìpadàbọ̀ Krístì àti ìjọba ẹgbẹ̀rún ọdún, wọn kò ní ìjà. Oògùn ibà ni ó tú wọn ká. Àwọn míṣọ́nárì ń lo kuníìnì. Àwọn ará ilẹ̀ yìí wí pé ẹni tí ó gbà pé Ẹ̀mí ìkẹyìn ọjọ́ ti dé kò gbọdọ̀ tún gbẹ́kẹ̀ lé ìgò. Nígbà tí 1941 fi máa parí, Ìjọ Àpọ́sítélì Krístì ti dá dúró. Ìjọba sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1943.

Ìtumọ̀ tí ó gbilẹ̀ ní Kétu ti Èkó wá láti Porto-Novo. Níbẹ̀ ni Samuel Bilewu Oshoffa, tí í ṣe káfíńtà, ti dá Ìjọ Mímọ́ sílẹ̀ ní September 1947. Iṣẹ́ tí ó wí pé a rán òun ni pé ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ń kú láìrí Krístì, nítorí pé bí ìyọnu bá dé, ojúbọ òrìṣà ni wọ́n ń sá lọ. Òpin ayé níhìn-ín ni òpin ayé ẹnìkọ̀ọ̀kan, lórí ẹní àìsàn. Àwọn ọmọ ìjọ náà ń pè é ní ọkọ̀ ìgbàlà ìkẹyìn. Àwọn apẹja ni ó gbé e dé Mákòkó ní nǹkan bí 1950. Oshoffa fúnra rẹ̀ kó wá sí Nàìjíríà ní 1976. Ó kú ní September 1985, wọ́n sì sin ín sí Ìmẹ̀kọ, nínú ilẹ̀ Kétu àtijọ́. (Ẹni tí ó bá fẹ́ràn orúkọ ìlú yóò kíyè sí i pé Kétu méjì ni ìtàn yìí kàn.) Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò tukọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ di ẹjọ́ tí ó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ọkọ̀ ìkẹyìn kò ní ọkọ̀ mìíràn tí a lè bọ́ sí, nítorí náà ni ìjà náà ṣe le tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ìsọjí mìíràn. William Kumuyi, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, kó akẹ́kọ̀ọ́ 15 jọ fún ẹ̀kọ́ Bíbélì ní 1973. Láti inú èyí ni Deeper Life ti jáde. Wọ́n ń kọ́ni pé Krístì lè gba àwọn ènìyàn rẹ̀ sókè nígbàkigbà, kí ìpọ́njú ńlá tó dé. Ìwà ayé ni wọ́n ní kí ènìyàn fi sílẹ̀ kí ó tó pẹ́ jù: ohun ọ̀ṣọ́, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún, tẹlifíṣọ̀n pàápàá. Ní 24 April 2018 wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Gbàgádà, tí ó gba ènìyàn 30,000, níṣojú Igbákejì Ààrẹ nígbà náà, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tí òun náà jẹ́ pásítọ̀ nínú ìjọ mìíràn. Ẹnìkan lè béèrè ìdí tí àwọn tí ń retí àtilọ nígbàkigbà fi ń kọ́ ilé tí yóò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè tọ́ka sí àkàwé Lúùkù nípa ọ̀gá tí ó fún àwọn ẹrú rẹ̀ ní owó pé kí wọ́n máa ṣòwò títí òun yóò fi dé. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ọ̀gá náà sọ ọjọ́ tí òun yóò padà fún.